Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ara Àgbàlagbà Inú Ilé Ti Ń Di Hẹ́gẹhẹ̀gẹ

Ọjọ́ orí kọ́ la fi ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ ti ń di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ìyá ẹni ọdún 85 wà tó ṣì ń dá lọ sí ọjà Bódìjà, tó ń ná ata títí alátà á fi bẹ̀ ẹ́. Ẹni ọdún 68 sì wà tí ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta dá gúnlẹ̀, tí oṣù méjì ti kọjá tí kò tíì lè dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí oògùn tí wọ́n ń lò sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni okun tó kù lára lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, èyí tí ara fi ń gbéra nígbà tí àìsàn bá gbé e ṣánlẹ̀. Ẹni tí irú okun bẹ́ẹ̀ ti tán lára rẹ̀ dà bí fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti gbó: yóò kọ 100 sójú, ìpè kan ni yóò pa á.

Ara hẹ́gẹhẹ̀gẹ kì í ṣe àrùn kan tí a ó gún ní abẹ́rẹ́ tí yóò lọ, kì í sì í ṣe "ọjọ́ ogbó náà ni" tí a ó kàn fọwọ́ lẹ́rán máa wò. Bí a bá tètè rí i, oúnjẹ, eré ìdárayá àti àtúntò oògùn lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Bí a kò bá rí i, ọjọ́ tí màmá bá ṣubú ní balùwẹ̀ ni ẹbí ó tó máa sọ pé, "Ṣebí ara wọn le!" Ẹni tó lè rí i ṣáájú dókítà ni ẹni tó ń bá wọn gbé: ọmọ, ìyàwó ilé, ọmọ-ọmọ tó ń sùn sí yàrá wọn, ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ wá ohun tí wọ́n ti fi sílẹ̀

Ẹ má gbára lé ìbéèrè pé báwo ni ara. Bí ẹ bá ní, "Màmá, ara ń kọ́?", "A dúpẹ́" lẹ ó gbọ́. Bí ẹ bá tẹnu mọ́ ọn, wọn á ní, "Ara ò le tó tàtijọ́, àmọ́ a dúpẹ́." Wọn ò purọ́. Wọn ò fẹ́ kó ìpayà bá yín ni, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ torí ẹ̀ kó wọn kúrò nínú ilé wọn lọ sí Èkó.

Ẹ ronú padà sí irú àkókò yìí lọ́dún tó kọjá. Kí ni wọ́n ń ṣe nígbà náà tí wọn ò ṣe mọ́? Ta ló ń bá wọn ṣe é báyìí?

Ẹ wo ìró wọn. Ìró tó ń yí wọn ká lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì ń tún so nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dìde, ti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n ti fọn kí ẹ tó wá òṣùwọ̀n rárá. Ti bàbá, ẹ wo ọrùn bùbá, ẹ wo okùn ṣòkòtò, ẹ wo òrùka tí wọ́n ti fi òwú wé nídìí kó má baà bọ́.

Ní mọ́ṣáláṣí, ẹ wò ó bóyá bàbá tó máa ń wà ní ìlà iwájú ti ń kírun lórí àga. Àtiforíkanlẹ̀ dìde gba agbára itan, ìdánwò tó dára sì ni: ẹni tó bá ti ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ kó tó lè gbéra, agbára itan rẹ̀ ti dín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wò ó bóyá màmá ṣì ń dìde tí wọ́n bá dá orin, àbí ìjókòó ni wọ́n fi ń gbè é.

Nínú ilé ìdáná, ẹ wo ẹni tó ń ro àmàlà. Màmá tó sọ lójijì pé àmàlà ò wu òun mọ́, pé ẹ̀kọ ni òun ń fẹ́, ó lè jẹ́ omorogùn ni ọwọ́ wọn ò ká mọ́. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí kò gba àlàyé: yàrá òkè tí wọ́n kúrò níbẹ̀ wá sùn sí pálọ̀, ìpàdé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí dípò kí wọ́n lọ, garawa ìwẹ̀ tí omi inú rẹ̀ ń dín, ṣòkòtò tí wọ́n ń jókòó wọ̀.

Bí wọ́n bá wà lórí àìsàn lọ́wọ́, ẹ má fi bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ náà díwọ̀n wọn. Ohun tí wọ́n ń dá ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àìsàn ni kí ẹ rántí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn dókítà ń ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n ara hẹ́gẹhẹ̀gẹ tí dókítà Kenneth Rockwood àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Kánádà ní 2005, tó ti di onípele 9 báyìí. Ìpele 1 ni ẹni tí ara rẹ̀ le koko tó sì ń ṣe eré ìdárayá déédéé. Ìpele 5 ni ẹni tó ti ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ nínú ìṣirò owó, ìrìnnà, oògùn lílò àti iṣẹ́ ilé tó wúwo. Ní ìpele 6, a ti ń bá wọn wẹ̀. Ní ìpele 7, gbogbo ìtọ́jú ara ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ilé tiwa, ìpele 5 ló máa ń fara pamọ́ jù. Àṣà ti gba àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn lọ́wọ́ àgbà tipẹ́: ọmọ-ọmọ ló ń pọn omi, ọmọkùnrin ló ń lọ sí báǹkì, dírẹ́bà ló ń wa ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n lè ṣe é. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín nìyí: bí gbogbo wa bá fi ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ǹjẹ́ wọ́n á jẹun, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á lo oògùn wọn bó ṣe yẹ? Bí ìdáhùn bá ń fà yín lọ́wọ́, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka nǹkan márùn-ún

Ní 2001, Linda Fried àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀ tí a fi ń dá irú ara bẹ́ẹ̀ mọ̀, títí dòní sì ni àwọn dókítà ń lò ó. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú wọn, ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹni tó ní ọ̀kan tàbí méjì wà ní bèbè rẹ̀, àwọn ẹni bèbè yìí sì ni ìrànlọ́wọ́ ń tètè hàn lára wọn jù.

Ìkíní ni pípàdánù ìwọ̀n láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀: kílò 4.5 láàárín ọdún kan, tàbí ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n wọn. Fún màmá tó wọn kílò 60, kílò 3 ti tó láti dá yín dúró. Òṣùwọ̀n kẹ́míìsì àdúgbò ti tó, ìyẹn bó bá jẹ́ ọ̀kan náà lẹ ń lò nígbà gbogbo, kí bàtà àti gèlè sì wà nílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, torí ẹ ó gbàgbé.

Èkejì ni àárẹ̀. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹni tó ti oko dé. Ó jẹ́ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe, tipátipá ni, ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ bi wọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: "Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́ mélòó ló jẹ́ pé ẹ ń fi agbára ti ara yín kí ẹ tó lè ṣe nǹkan?" Wọn á ronú kí wọ́n tó dáhùn, ìyẹn ló fi dára ju "Ṣé ó rẹ̀ yín?" lọ.

Ẹ̀kẹta ni kí ara má kúrò lójú kan: láti bẹ́ẹ̀dì sí àga, láti àga sí iwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀kẹrin ni ìrìn tó falẹ̀, a ó wọ̀n ọ́n láìpẹ́. Ìkarùn-ún ni ọwọ́ tí kò di nǹkan mú dáadáa mọ́. Ní ọsibítù, ẹ̀rọ kan ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n fi ọwọ́ fún pọ̀ láti mọ èyí. Nínú ilé, ẹ fún wọn ní ìgò omi tí a kò tíì ṣí, kí wọ́n ṣí i. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fún aṣọ tí wọ́n fọ̀: bí omi bá ṣì ń kán tótó lára èyí tí wọ́n ní àwọn ti fún, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ wò ó bóyá bútà àlùwàlá tí wọ́n ń gbé dání ti di ààbọ̀ dípò ẹ̀kún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wọn ìrìn àti ìdìde

Ohun tí ẹ nílò ni aago fóònù, àga tó dúró gbọn-in tí ẹ ti sí ògiri, àti ẹnì kan tí yóò dúró tì wọ́n gbágbágbá. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí ibà bá ń ṣe wọ́n, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ wọn, tàbí tí àyà bá ń dùn wọ́n.

Fún ìrìn, mítà 4 lẹ ó lò. Bí táìlì pálọ̀ bá jẹ́ èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, táìlì 10 ni. Bó bá jẹ́ 60, ó dín díẹ̀ ní méje. Ẹni tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì lè yá téèpù télọ̀, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150: ẹ̀ẹ̀mejì gbáko, kí ẹ fi mítà kan lé e. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Kí wọ́n gbéra ní ẹsẹ̀ bíi méjì ṣáájú àmì àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọjá àmì kejì kí wọ́n tó dúró. Sálúbàtà tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́ ni kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n sì mú ọ̀pá dání bí wọ́n bá ń lò ó. Ẹ má sọ pé ìdánwò ni o. Bàbá tó bá gbọ́ pé ìdánwò ni yóò fò fẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ogún ọdún, aago yín á sì purọ́. Ẹ kàn ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rìn bí ẹ ṣe ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà." Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ mú èyí tó yá jù. Bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, ìrìn wọn ti falẹ̀ débi tó yẹ kí dókítà gbọ́.

Bí ẹ ṣe jọ ń rìn lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan, bóyá orúkọ ìyàwó ọ̀rẹ́ wọn kan. Àwọn olùwádìí kan ní Sweden kọ ọ́ ní 1997 pé àgbàlagbà tó bá ní láti dúró kó tó lè dáhùn ọ̀rọ̀ wà nínú ewu ìṣubú ju ẹni tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Àwa a máa rò pé àpọ́nlé ni wọ́n fi dúró gbọ́ wa.

Ìdìde ló kàn. Kí wọ́n káwọ́ méjèèjì pọ̀ sáyà, kí wọ́n dìde kúrò lórí àga, kí wọ́n tún jókòó, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára itan ti ń lọ. Bí wọn ò bá lè dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìti ọwọ́, ẹ dá a dúró níbẹ̀. Ìdáhùn ti dé.

Ọ̀kan wà tí kò ní ohun èlò rárá, ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan ló ti wá. Kí wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka ọwọ́ wọn méjèèjì ṣe òrùka yí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ká, níbi tó ti ki jù. Bí òrùka náà kò bá ká a, ẹran ṣì wà níbẹ̀. Bí àyè bá ṣẹ́ kù láàárín ìka àti ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹran ara wọn ti jó rẹ̀yìn. Bẹ́ ẹ bá ní téèpù, ohun tó bá dín sí sẹ̀ǹtímítà 31 níbẹ̀ ti kéré jù. Ẹsẹ̀ tó wú máa ń tanni o. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ibi tí ẹ tẹ̀ á jìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun mẹ́ta tí wọn ò ní dárúkọ

Ìṣubú ni àkọ́kọ́. Ẹ bi màmá pé, "Ṣé ẹ ṣubú láìpẹ́ yìí?" Wọn á ní rárá. Lójú tiwọn, ẹni tó ṣubú ni ẹni tí wọ́n gbé; ẹni tó dá dìde "kàn yọ̀" ni. Torí náà, ẹ bi wọ́n pé, "Ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yọ̀ yín gbẹ̀yìn?" Ẹ wo orúnkún àti ìgbápá fún àpá ọgbẹ́. Ẹ tún wo ara ògiri pálọ̀ àti ẹ̀yìn àga: bí ọ̀dà bá ti ṣá tàbí tí ìdọ̀tí ọwọ́ ti tò lé ọ̀nà kan láti yàrá dé balùwẹ̀, wọ́n ti ń fi ara ti ògiri rìn lóru.

Ìtọ̀ ni èkejì. Ìtọ̀ tí kò ṣeé mú dúró mọ́ kì í jẹ́ kí àgbà lọ sóde. Bàbá tó déédéé jáwọ́ nínú lílọ kírun Jímọ́ọ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀rù pé àlùwàlá òun ò ní dúró ló ń bà wọ́n. Màmá tó kọ̀ láti lọ síbi ìgbéyàwó ní Abẹ́òkúta lè máa ro ọ̀nà tí kò ní ibi ìtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á wá dín omi mímu kù, òùngbẹ á sì ṣe wọ́n ní ibi tó ju ìtọ̀ lọ. Ọmọ obìnrin tàbí nọ́ọ̀sì ni kó bá màmá sọ ọ́, kó jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ̀kẹta ni iyè tó dàrú lójijì, èyí sì ni kí ẹ dì mú jù nínú ohun gbogbo tí mo kọ síbí. Ẹni tó dá yín mọ̀ lánàá, tó ń pè yín ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú lónìí, tó ń sùn lọ́sàn-án tó ń jà lóru, tàbí tó kàn dákẹ́ tí ojú rẹ̀ ò dá wa mọ̀, kì í ṣe arán ló ń ṣe. Arán ń wọlé díẹ̀díẹ̀, oṣù dé ọdún. Èyí tó dé láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àìsàn ara ló sábà máa ń fà á: òtútù àyà, àrùn ojú ilé ìtọ̀, ibà, ṣúgà tó lọ sílẹ̀, ìgbẹ́ tó há, oògùn tuntun, àìmu omi. Lára ẹni tó ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, òtútù àyà lè máà mú ikọ́ tàbí ara gbígbóná wá. Iyè dídàrú nìkan ni a lè rí. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ẹbí yóò ní ọwọ́ ayé wà ńbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé bí màmá bá ń sọ ohun tí kò yé ènìyàn, àwọn kan á ní wọ́n ń jẹ́wọ́. Ẹ fi àdúrà kún un lójú ọ̀nà ọsibítù bó bá wù yín, kí ọkọ̀ ṣáà ti máa lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ da oògùn sílẹ̀

Ẹ wá láílọ́ọ̀nù kan, kí ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé sí i: ti ọsibítù, ti kẹ́míìsì, èyí tí ẹlòmíràn fún wọn, èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ìgò àgbo náà. Ó máa ń yà mí lẹ́nu iye oògùn tí ẹnì kan ṣoṣo ń lò tí dókítà kankan kò mọ̀ sí odindi rẹ̀.

Diclofenac àti ibuprofen tí wọ́n ń rà fún làkúrègbé lè dá egbò sínú ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Valium àti irú oògùn oorun bẹ́ẹ̀ ń mú kí ẹsẹ̀ má dúró lóru. Piriton, tí gbogbo wa kà sí oògùn ara yíyún lásán, lè da iyè arúgbó rú, kó sì há wọn nítọ̀. Glibenclamide tí ọ̀pọ̀ ń lò fún àtọ̀gbẹ lè já ṣúgà wálẹ̀ jù, pàápàá fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ti dín kù tàbí tó ń gbààwẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún bàbá nígbà tí wọ́n wọn kílò 80 lè ti pọ̀ jù fún wọn ní 62.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣeé wọ̀n nílé bí ẹ bá ní ẹ̀rọ. Kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Kí wọ́n dìde dúró, ẹ tún wọ̀n ọ́n kí ìṣẹ́jú 3 tó pé. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀, ìdí tí òòyì fi ń kọ́ wọn láàárọ̀ nìyẹn. Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Ẹ gbé láílọ́ọ̀nù náà lọ bó ṣe wà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kí ẹ tó ní ọjọ́ ogbó ni

Àwọn nǹkan kan wà tó jọ ọ́, tí ìwòsàn wọn sì wà. Àìtó ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀gbẹ tí wọn ò tíì mọ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ. Thyroid tó wà lọ́rùn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọkàn tó ti ń rẹ̀, tó ń wú wọn lẹ́sẹ̀, tó ń gba èémí wọn. Jẹjẹrẹ náà wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fọn láìnídìí fi gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó di pé a ń sè fún un.

Ojú tí nǹkan funfun ti bò lè jẹ́ kí ènìyàn máa rìn bí ẹni tí kò lókun, iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Eyín tó ti ká lè jẹ́ kí wọ́n fi ẹran inú ọbẹ̀ fún ọmọ-ọmọ lójoojúmọ́ tí a ó máa pè é ní ìfẹ́. Ìbànújẹ́ náà ńkọ́? Opó tí kò jẹun dáadáa mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tó ń jí láago mẹ́ta òru, ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ara sì ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi

Fídíò WhatsApp ló ń tan yín jù. Orí àga ni màmá máa ń wà, wọ́n á ti wé gèlè, ọmọ-ọmọ ló di fóònù mú, ojú àti èjìká nìkan lẹ ń rí. Ẹ ní kí ọmọ náà sún sẹ́yìn títí gbogbo ara wọn á fi hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nǹkan rán wọn: "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú fọ́tò bàbá tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn wá, mo fẹ́ rí i." Ẹ wo bí wọ́n ṣe dìde, ohun tí wọ́n dì mú lójú ọ̀nà, àti bí wọ́n ṣe yí padà: ẹni tó yí lẹ́ẹ̀kan náà yàtọ̀ sí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kéékèèké márùn-ún, mẹ́fà kó tó kọjú síbi tó ń lọ. Bí ẹ bá gbọ́ "Màá bá yín mú un wá" láti ẹnu ọmọ ọ̀dọ̀ kí màmá tó mira, ẹ ti rí nǹkan kan náà.

Àwọn tó kó òbí wá sí ìlú òyìnbó, ẹ ṣọ́ òtútù. Ìyá tó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ilé, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo lè jókòó sójú kan láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ní London, kí itan rẹ̀ má sì bá a dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní England, láti 2017 ni iṣẹ́ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ti gbà pé kí wọ́n máa ṣàwárí àwọn ẹni ọdún 65 sókè tí ara wọn ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Frailty ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ó bá wọn sọ níbẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe sí ohun tí ẹ rí

Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan: ìwọ̀n wọn tẹ́lẹ̀ àti nísinsìnyí, ìṣẹ́jú àáyá tí ìrìn gbà, iye ìgbà tí wọ́n ṣubú, ohun tí wọ́n ti fi sílẹ̀. Ojú ìwé yẹn àti láílọ́ọ̀nù oògùn máa ń ran dókítà lọ́wọ́ ju àlàyé ìdajì wákàtí lọ. UCH ní Ìbàdàn ní ibùdó kan fún àwọn àgbàlagbà nìkan, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, tí wọ́n ṣí ní 2012. Níbi tí irú rẹ̀ kò bá sí, dókítà ẹbí ní ọsibítù ìjọba ni kí ẹ lọ bá.

Ẹ yí oúnjẹ padà lọ́sẹ̀ yẹn náà, àfi bí dókítà kíndìnrín bá ti ní kí wọ́n dín ẹran àti ẹ̀wà kù. Ara arúgbó ń fẹ́ èròjà protein tó gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ìyẹn 60 sí 72 fún ẹni kílò 60. Ẹyin kan ò ju bíi gíráàmù 6 lọ, nítorí náà ẹ̀kọ lásán láàárọ̀ àti àmàlà pẹ̀lú ẹran kan lálẹ́ kò lè dé ibẹ̀. Ẹ po mílíìkì tàbí sóyà mọ́ ẹ̀kọ. Ẹ fi ẹyin àti ẹja sí mọ́ínmọ́ín. Ẹ yọ egungun ẹja, kí ẹ fọ́ ọ sínú ẹ̀fọ́. Gbẹ̀gìrì ò béèrè eyín.

Ẹ sì dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn. Mo mọ̀ pé èyí á le létí àwọn kan. "Màmá, ẹ jókòó, a máa bá yín ṣe é" dùn létí, ọ̀wọ̀ sì ni, àmọ́ ọ̀wọ̀ náà ń jẹ wọ́n ní itan. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá ṣáṣá fi ọjọ́ 10 dùbúlẹ̀, ẹran ẹsẹ̀ wọn sì fi nǹkan bíi kílò kan dín kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣa ẹ̀fọ́, kí wọ́n ká aṣọ, kí wọ́n dìde lọ bu omi wọn. Ìdìde lórí àga tí ẹ fi wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ di eré ojoojúmọ́: lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárọ̀, lẹ́ẹ̀márùn-ún lálẹ́, kí wọ́n di nǹkan mú bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá ti rọrùn, ẹ fi kún un. Kí wọ́n tún di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí onífísíò, kó fi èyí tó yẹ ara wọn hàn wọ́n.

Ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá bí wọ́n bá ṣubú tí wọn ò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, bí ẹnu bá wọ́ sápá kan, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí bí wọ́n bá lo odindi ọjọ́ kan láìmu omi, láìtọ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó déédéé ń làágùn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà tàbí mínírà kí ẹ tó gbéra.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún ìrìn náà wọ̀n, lórí táìlì kan náà, pẹ̀lú sálúbàtà kan náà, kí ẹ sì tún wọn ara wọn ní kẹ́míìsì. Bí àìsàn bá gbé wọn dè láàárín kan, ẹ má dúró títí oṣù mẹ́ta á fi pé; ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá dìde, ẹ wọ̀n ọ́n.